Ta Ló Jókòó Sórí Àga Mọ́ṣúdù

Ọjọ́ Ajé, 28 oṣù Karùn-ún, 1984

Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, kò sì fẹ́ dá. Ọ̀gá ilé-ìwé kan láti Papalanto fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọ ọ́fíìsì ìdánwò wa láàárọ̀ yìí, ó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí a bá sọ ohun tó dé tí orúkọ ọmọ tó mọ̀wé jù nílé-ìwé òun kò sí nínú àwọn tó yege ìdánwò ìwọlé sí gíráámà. Ọmọbìnrin ni, bàbá rẹ̀ ń dáko ẹ̀gẹ́. Mo fún ọkùnrin náà ní àga, mo lọ wá ìwé tí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ jáde. Lórí ìwé, máàkì mọ́kànlélọ́gọ́rin. Nínú kọ̀ǹpútà, mọ́kànlélógún. Mo kọ́kọ́ rò pé ìka ẹnìkan ló ṣì. Mo wá yẹ ti àwọn mìíràn wò. Àwọn ọmọ kan ti lọ sókè, àwọn kan ti wálẹ̀, wọ́n ṣáà gba ti ẹnìkan fún ẹlòmíràn.

Ọ̀gá wa pátápátá wà ní Èkó. Igbákejì rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé, ní kí a má pariwo. N kò pariwo, ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé kí ẹni tó ṣe é tètè múra sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà wa kì í sùn. Ẹni tó bá wọlé, aago tó wọlé, ohun tó ṣe, gbogbo rẹ̀ ló ń tẹ̀ sórí bébà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi mí ṣe olórí yàrá yẹn, n kò jẹ́ kí ewé kan sọnù nínú bébà ìwọlé yìí. Mo ń ká a, mo ń dì í, mo ń tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Àwọn ọmọ ọ́fíìsì a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé Àǹtí Kúdí ń tọ́jú bébà bí ẹni ń tọ́jú góòlù. Lọ́la ni wọn yóò mọ ìlò rẹ̀.

Gàrí ti di náírà méjì àbọ̀ ní kóńgò, kóńgò ọ̀hún kò sì kún.

Ìṣẹ́gun, 29

A tú bébà náà níwájú Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé àti sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù yìí, lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, ni wọ́n yí àwọn máàkì náà padà. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lórí bébà láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà títí iná fi lọ. Mọ́ṣúdù. Ẹnu èmi Kùdírátù ni mo fi kà á sétígbọ̀ọ́ gbogbo wọn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Mọ́ṣúdù. Èmi ni mo mú un wọṣẹ́, èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ. Ó dúró sídìí fèrèsé, ó ń wò mí. Sájẹ́ǹtì bi mí pé ṣé bébà yìí lè parọ́. Mo ní kò lè parọ́. Ó tún un bi, mo tún un sọ.

Ọjọ́rú, 30

Wọ́n ti mú un lọ. N kò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 31

Mo kí ìyá mi láàárọ̀, kò jẹ́ mi. Àwo tánńganran tó fẹ́ kó lọ sí ọjà Kútọ̀ ló ń nù, ó ń nù ún bí ẹni tí àwo ṣẹ̀. Nígbà tó yá ó ní, "Kúdí, èrè ìwé tí a rán ọ lọ kà nìyí? Ẹ̀gbọ́n mi kú, ó fi ọmọ ẹyọ kan sílẹ̀ fún mi, ìwọ lo wá fi ẹnu ara rẹ fà á fún ọlọ́pàá." Kí ni n ó sọ? Ohun tí mo kà ni mo kà.

Ìjọba ti gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Wọ́n ní tí ìgbìmọ̀ bá fi dá a lẹ́bi, kóòtù àwọn ológun ló kàn. Ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò sí níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ń dá fún ènìyàn lọ́dún yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń ṣe tán kó tún padà wá dá ọmọ tó bí mọ̀.

Ẹtì, 1 oṣù Kẹfà

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Mo jí sààrì, omi nìkan ni mo mu.

Mo gbàyè lọ kí Jímọ̀ ní Ìjemọ̀. A ti tò sẹ́yìn aṣọ ìkélé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà já lù mí láyà. Ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn aago méjì. Ọjọ́ Ẹtì wo ni Mọ́ṣúdù kì í sí nínú mọ́ṣáláṣí yìí ní irú àkókò báyìí? Òun ló ń bá wọn tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Láti kékeré rẹ̀ kò pa Jímọ̀ jẹ rí, àfi ọdún tí ó ní ìgbóná.

N kò mọ iye ìgbà tí mo forí kanlẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rò pé Ọlọ́run ni mo ń sunkún sí. Ara mi ni mo ń sunkún sí. Ọlọ́run ti fún mi ní orí, mo fi bébà rọ́pò rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 2

Wọ́n jẹ́ kí n rí Mọ́ṣúdù. Wọ́n ti gba bàtà àti ìgbànú lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú. Síbẹ̀ ó dọ̀bálẹ̀ kí mi lórí sìmẹ́ǹtì yẹn. Kí ilẹ̀ gbé mi mì ló ń ṣe mí.

Mo ní, "O wà ní Jímọ̀ lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí."

"Mo wà níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ló wá wà lórí àga rẹ?"

Ó wolẹ̀. "Ẹni tó jù mí lọ ni. Ó wọlé, mo dìde fún un. Àkókò Jímọ̀ sì ti tó, mo bá tèmi lọ."

"O kò kọ́kọ́ yọ orúkọ rẹ kúrò nínú ẹ̀rọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, àgbàlagbà ti jókòó. Ṣé kí n wá ní kó dìde kí n lè yọ orúkọ mi ni? Ṣé ẹ̀yin lè ṣe é?"

Bí gbogbo wa ti ń ṣe nìyẹn láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ ti dé. Tí àgbà bá wọlé, a ó dìde fún un, a ó sì jáde, nítorí ọmọ tí a kọ́ nílé kì í dúró sẹ́yìn àgbà kó máa yọjú wo ohun tó ń ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé àti àwọn ọ̀gá yòókù ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tiwọn, kò sí èyí tó lò ó rí nínú wọn. Orúkọ ọmọ tó dìde fún wọn ni wọ́n ń lò. Mo mọ̀ ọ́n, ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé bébà mi kò mọ̀ ọ́n.

Mo ní kó dárúkọ ẹni náà. Ó ní, "Ẹ má bi mí mọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́." Mo bẹ̀ ẹ́, mo bú u, mo fi ìyá rẹ̀ tó wà ní sàréè bẹ̀ ẹ́. Igi ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Ajé, 4

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé. Ta ni n bá tún lọ bá? Yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ igbákejì ọ̀gá, òun ni bàbá Adépéjú, ìyàwó Mọ́ṣúdù. Lóòótọ́ kò wá síbi ìgbéyàwó. Ó ní bàbá ìjọ ni òun, òun kò ní fọwọ́ ara òun fa ọmọ fún ìmàle. Ó lé lọ́dún kan tí Mọ́ṣúdù fi ń dọ̀bálẹ̀ kí i nínú ọ́fíìsì kan náà tí kò dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ló gbé oyún yìí, oyún ọ̀hún sì ti fẹ́ di ọmọ.

Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní, "Kùdírátù, ìwọ lo ní bébà kì í parọ́."

Mo ní, "Àkókò Jímọ̀ ni, sà. Mọ́ṣúdù wà ní mọ́ṣáláṣí."

"Aago inú ẹ̀rọ yẹn, tí iná bá lọ tó padà dé, ta ló ń tò ó?"

"Àwa ni, sà. Aago ọwọ́ wa la fi ń tò ó."

"O ò rí i? Aago ọwọ́ ta ni ìgbìmọ̀ yóò gbà gbọ́?" Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Ó ní òun yóò máa fi wá sínú àdúrà.

Mo jáde, mo ń dúpẹ́. Títí mo fi délé n kò mọ ohun tí mò ń dúpẹ́ fún.

Ọjọ́bọ̀, 7

Mo tò fún ṣúgà ní Kútọ̀ láti òwúrọ̀. Nígbà tó kan ẹni tó wà níwájú mi ni ṣúgà tán. Sójà tó ń ṣọ́ wa ní kí a máa lọ sílé ní ìlà kan. A sì tò.

Mo gba ilé Péjú kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Mo fi omi gbígbóná jó o fún un, kò sọ ju "ẹ ṣé, Àǹtí" lọ. Ó máa ń fẹ́ sọ nǹkan, á tún gbé e mì.

Ajé, 11

Ìgbìmọ̀ jókòó. Bàbá Fájánà ni alága, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, irú àwọn tó jẹ́ pé bí wọ́n bá wò ọ́, wàá rántí iṣẹ́ àṣetiléwá tí o kò ṣe. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Jímọ̀. Wọ́n pe Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé kó wá sọ nípa aago, ó sì sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ bó ti sọ ọ́ fún mi.

Bàbá Fájánà kọjú sí mi. "Ìyáàfin, nígbà tí bébà yín mú ọmọkùnrin yìí, ẹ ní kì í parọ́. Nísinsìnyí tí ẹ fẹ́ kó dá a sílẹ̀, ẹ mú aago rẹ̀ wá. Ṣé aago náà ṣeé gbọ́kàn lé?"

Mo ní n kò mọ̀. Àwọn tó jókòó sẹ́yìn rẹ́rìn-ín.

Ó ní ìparí oṣù yìí ni òun yóò fi èsì ránṣẹ́ sí ìjọba.

Ìṣẹ́gun, 12

Mo fi aago kọ̀ǹpútà wé ti rédíò. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án yá ju ti rédíò lọ. Ọlọ́run mi.

Ọjọ́bọ̀, 14

N kò sùn. Mo ń ṣínu, mo ń mu ẹ̀kọ gbígbóná bí oògùn, n kò mọ adùn rẹ̀. Ìyá mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀ padà, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí jù, nítorí ó ń sọ̀rọ̀ Mọ́ṣúdù bí ẹni tó ti lọ. Ó ní irú ẹran báyìí ni Mọ́ṣúdù fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ rí. Tẹ́lẹ̀ rí, bí ẹni tí kò ní jẹ ẹ́ mọ́. Inú bí mi, mo dìde nídìí oúnjẹ.

Inú ń bí mi sí Mọ́ṣúdù pàápàá. Ọmọ tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí ló ń bò mọ́lẹ̀? Ta ni ẹni náà tó tó báyìí?

Ẹtì, 15

Kí n rọra kọ ọ́.

Ìmáàmù ń wáàsí lọ́wọ́ ní Jímọ̀ lónìí nígbà tí iná lọ. Ohùn gbohùngbohùn kú fin. Ìyá àgbà kan tó wà níwájú mi mí kanlẹ̀, ó ní, "Bíi tọjọ́sí. Ta ni yóò wá fa jẹnẹrétọ̀ báyìí tí Mọ́ṣúdù ò sí ńlé?"

Mo fà á láṣọ. "Ìyá, ọjọ́sí wo?"

"Jímọ̀ tó ku méjì kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Ṣebí o ò wá, ibà dá ọ dúró sílé. Wáàsí ò tíì dé ìdajì ni iná lọ. Mọ́ṣúdù ló sáré jáde, ó fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí epo fi ta sí i láṣọ funfun. Àlùfáà Sàlàhúdíìnì ṣàdúrà fún un níwájú gbogbo wa pé aṣọ mìíràn yóò wọlé."

Jímọ̀ tó ku méjì kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ kejìdínlógún. Wáyà kan náà ló gbé iná ọ́fíìsì wa àti ti mọ́ṣáláṣí, àwọn òpó rẹ̀ ni mò ń tẹ̀ lé bọ̀ lójoojúmọ́. Kí ni mo tún ń wá aago fún? Iná tó pa gbohùngbohùn náà ló pa kọ̀ǹpútà.

Àbámẹ́ta, 16

Mo lọ bẹ gáàdì, ó ṣílẹ̀kùn fún mi. Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ni bébà gangan wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fún mi ní ẹ̀dà. Mo wo ìlà tó kẹ́yìn, tí mo ti wò tó ìgbà ogún tí n kò rí i. Àwọn máàkì tí ẹni náà ń yí padà tẹ̀ lé ara wọn láìdúró, títí dé orí ọmọ tó kẹ́yìn. Máàkì ọmọ yẹn kò tẹ̀ tán. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ jáde, ìkejì kò jáde. Orí àga ni ẹni náà wà tí iná fi lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Lákòókò yẹn kan náà, Mọ́ṣúdù ń sáré lọ sídìí jẹnẹrétọ̀ lójú gbogbo ìjọ.

Aago lè yá, aago lè lọ́ra. Ìlà yìí kò bá aago ṣe rárá.

Àlùfáà Sàlàhúdíìnì ní òun yóò wá jẹ́rìí. Ó ní òun ti ń fi Mọ́ṣúdù sẹ́nu àdúrà, òun ò mọ̀ pé ẹnu ẹ̀rí ni wọ́n nílò.

Mo jẹun dáadáa lálẹ́ yìí. Ìyá mi bu ẹran lé oúnjẹ mi láìsọ̀rọ̀.

Ìṣẹ́gun, 19

Ayọ̀ mi kò pẹ́.

Àlùfáà jẹ́rìí, wọ́n gbà á gbọ́. Mo fi ìlà tó kẹ́yìn hàn wọ́n. Bàbá Fájánà fi awò sójú, ó wò ó pẹ́, ó ní òótọ́ ni, Mọ́ṣúdù kò sí nídìí ẹ̀rọ lásìkò náà. Mo ti fẹ́ dúpẹ́. Ó wá ní, "Ìyẹn túmọ̀ sí pé ó fún ẹlòmíràn ní ọ̀nà wọlé, ó wá lọ dúró síbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdìtẹ̀ ni."

Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ó dìde lórí àga fún àgbà ni. Ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ní, "Ìyáàfin, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ta ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé-iṣẹ́ bọ̀wọ̀ fúnni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìwọ̀sí tí mo rí lójú wọn, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Mo ti gbẹ́ kòtò náà jìn sí i fún un. Ọwọ́ mi ni, lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́rú, 20

Òjò. Iná kò sí. N kò fẹ́ kọ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 21

Ìgbìmọ̀ wá wo yàrá kọ̀ǹpútà fúnra wọn. Ọ̀ṣunrẹ̀mí ló wà nídìí ẹ̀rọ, ọmọbìnrin ìdílé ọlọ́ṣun kan láti abúlé lọ́nà Ọbáfẹ́mi, ó mọṣẹ́ ju bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ. N kò bá a sọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kí èyí wà lákọsílẹ̀.

Bàbá Fájánà wọlé. Ọ̀ṣunrẹ̀mí fò dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, sà. Ẹ jókòó, sà." Ó fọwọ́ nu àga. Bàbá jókòó, ó ń wo ẹ̀rọ, ó ní kí wọ́n fi bí wọ́n ti ń wo máàkì han òun. Ọ̀ṣunrẹ̀mí kúnlẹ̀ sápá kan, ó sọ ohun tí yóò tẹ̀ fún un, lẹ́yìn náà ó fà sẹ́yìn lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ̀yìn sí wọn. Bàbá tẹ èyí, ó tẹ tọ̀hún, inú rẹ̀ ti ń dùn bí ọmọdé. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Èmi ni mo wo bébà. Mo ya ewé náà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ó kà á. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ta ni Ọ̀ṣunrẹ̀mí?"

"Èmi ni, sà," ni ọmọ náà wí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ kọ́ lo tẹ nǹkan wọ̀nyí. Èmi ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kí ló dé tí o ò yọ orúkọ rẹ kí n tó jókòó?"

Ọmọ náà kàn ń wò ó. Ó yà á lẹ́nu pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lè bi òun ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Sà, ẹ ti wọlé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ní kí a sọ òótọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ń wo bàtà rẹ̀. Bàbá Fájánà dìde lórí àga náà jẹ́ẹ́, ó ká bébà, ó fi sápò. Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé wà lẹ́yìn wọn, ó ń nu gíláàsì.

Ẹtì, 22

Wọ́n mú Mọ́ṣúdù wá. Bàbá Fájánà fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, mo ti jókòó sórí irú àga yẹn, ó ti yé mi. Ta lo dìde fún?"

Mọ́ṣúdù fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ń wo ilẹ̀.

"Tí o kò bá dárúkọ, orúkọ tìrẹ nìkan ló wà lórí ìwé. N kò ní ohun mìíràn tí mo lè fi ránṣẹ́ sí àwọn ológun."

Ó ní, "Mo gbọ́, sà. Ẹ ṣé, sà."

Ọ̀sẹ̀ kan ló fún un.

Àìkú, 24

Mo lọ bá Péjú. Mo ní bóyá ó lè bẹ ọkọ rẹ̀ kó dárúkọ ẹni náà. Ó ń ká aṣọ ọmọ, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Láìgbójú sókè ó ní, "Àǹtí, mo mọ ẹni náà."

Ó ní ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, Mọ́ṣúdù wọlé tòun ti epo lára aṣọ, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Péjú, Bàbá wọ yàrá wa lónìí. Bàbá rẹ. Ó jókòó sórí àga mi. Ó ní, 'Ọmọ mi, máa lọ kírun rẹ.' Ọmọ mi, ló pè mí." Ó ní Mọ́ṣúdù sọ ọ́ tó ìgbà mẹ́ta kó tó bọ́ aṣọ. Ó ní ó lé lọ́dún kan tí ó ti ń fi ojú wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn.

Ọkùnrin tí mo kúnlẹ̀ fún. Ọkùnrin tó ń fi wá sínú àdúrà.

Mo ní, "O mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un?"

"Mo mọ̀."

Mo fẹ́ gbá a létí, ká má parọ́. Oyún inú rẹ̀ ló gbà á. Ó ní, "Àǹtí, ọkọ mi ni, bàbá mi ni. Èwo ni kí n fi sẹ́wọ̀n?" Mo mú àpò mi, mo jáde. Mo dé ìsàlẹ̀ òkè kí n tó rántí pé n kò dágbére.

Ajé, 25

Mo lè lọ sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀. Ta ni yóò gbà mí gbọ́? Mo ti mú bébà wá, mo ti mú aago wá, mo ti mú iná wá. Ẹ̀gbọ́n ẹlẹ́wọ̀n ni mo jẹ́ lójú wọn. Ẹnu Péjú nìkan ló lè sọ ọ́, n kò sì lè fipá la ẹnu aboyún.

Ọjọ́rú, 27

Péjú wá. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pè é. Ó fi ẹsẹ̀ tó wú yẹn gun àtẹ̀gùn, ó di ara ògiri mú, ó wọlé sáàrin ìgbìmọ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó sílà iwájú. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún bàbá rẹ̀, ó pẹ́ kó tó lè dìde, kò sì sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́, nítorí gbogbo wa kò mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ó wá kọjú sí Bàbá Fájánà, ó sọ gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ fún un. Kò sunkún. Àwa la sunkún.

Bàbá Fájánà bi Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ.

Ó dìde. Mo rò pé yóò sẹ́ ẹ. Ó ní, "Ọmọ mi kì í parọ́." Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀. "Àwọn tó kó orúkọ ọmọ wọn fún mi, ẹni tí mo lè sọ pé rárá fún kọ́ ni wọ́n." Ó tún jókòó, ó di gíláàsì mú, kò nù ún.

Ẹtì, 29

Wọ́n fi Mọ́ṣúdù sílẹ̀. Péjú bí láàárọ̀ kí wọ́n tó fi í sílẹ̀, obìnrin, ara àwọn méjèèjì le. Wọ́n ti ní kí á tún àkójọ àwọn tó yege ṣe, orúkọ ọmọ Papalanto sì ti padà síbẹ̀.

Èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ ọlọ́pàá dè é. Mo rò pé yóò dì mọ́ mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ní, "Ta ló dárúkọ Bàbá?"

Mo ní ìyàwó rẹ̀ ni.

Ó ń lọ níwájú mi títí a fi délé. Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó wò ó, ó gbé e fún ìyá mi. Kò wo ojú Péjú. Mo gbà á kúrò lẹ́wọ̀n, n kò mọ inú ibo ni mo kó o sí.

Àìkú, 1 oṣù Keje

Ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Oòrùn ràn, ó pẹ́ tí a ti rí i.

A kírun tán. Mọ́ṣúdù wọ aṣọ tó ní epo yẹn, ó ti fọ̀ ọ́, epo kò lọ. Ó ní kí ìyá mi bu oúnjẹ ọdún fún òun, ìrẹsì, ẹran, gbogbo rẹ̀. Mo ní ta ló fẹ́ gbé e fún. Ó ní, "Àna mi." Ó ti lé lọ́jọ́ mẹ́ta tí Ọ̀gbẹ́ni Olúbọ̀dé ti wà nínú àhámọ́ tí òun náà wà tẹ́lẹ̀.

Mo ní, "Ọkùnrin tó jókòó sórí àga rẹ, tó wá ń wò ọ́ tí wọ́n ń dì ọ́ lọ sẹ́wọ̀n?" Ó ní, "Òun ló bí ìyàwó mi, Ẹ̀gbọ́n." Péjú gbọ́ láti inú yàrá. Ó jáde tọmọ-tọmọ, ó fi abọ́ tó mọ́ dé oúnjẹ náà fún un. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí wọ́n wo ojú ara wọn.

Mo bá a lọ, nítorí n kò fẹ́ kó dá lọ síbẹ̀. Lójú ọ̀nà mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ata sí lẹ́nu. Mo ní ó lè dọ̀bálẹ̀ fún un, àna rẹ̀ ni. Ní tèmi, mo fi ààwẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà tán búra, n kò ní kúnlẹ̀ fún ọkùnrin yẹn mọ́ láyé. N ó dúró gangan, n ó wò ó lójú, yóò mọ̀ pé mo mọ̀. Mọ́ṣúdù fi ọwọ́ méjèèjì di abọ́ oúnjẹ mú, ó ń lọ.

Wọ́n mú un jáde wá bá wa. Wọ́n ti gba gíláàsì rẹ̀, ó ń wá wa pẹ̀lú ojú. Kò ní ìgbànú, ó ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú. Mọ́ṣúdù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ kú ọdún, sà. Péjú ti bí, sà. Obìnrin ni." Ọkùnrin náà na ọwọ́ kejì sí ibi tí ó ti gbọ́ ohùn, kò dé ibì kankan. Ó yí orí sí mi, ó ní, "Kùdírátù náà nìyẹn?"

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé mo búra.